Ọdẹ, Òjé àti Igún

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọdẹ tó yìnbọn pa àgbọ̀nrín lè pa igún mọ́ ọn láìmọ̀. Ní Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, igún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní condor. Òkú ẹran ló ń jẹ. Bí ọta òjé bá wọ ara ẹran, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ọdẹ á gbé ẹran lọ, á da ìfun sígbó. Condor á jẹ ẹ́, òjé á sì di májèlé sí i lára. Ní 1982, 22 péré ló kù láyé.

Ní 2007, ìjọba Kalifóníà fòfin de ọta òjé níbi tí condor ń gbé. Òfin 2013 wá kan gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ó múlẹ̀ pátápátá ní 2019. Inú ọ̀pọ̀ ọdẹ ò dùn. Wọ́n ní ọta bàbà ti wọ́n jù. Àwọn kan tiẹ̀ ní ọgbọ́n àtigba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ni.

Arisónà ò ṣòfin ní tiwọn. Láti 2005, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ọdẹ, wọ́n sì ń fún wọn ní ọta tí kò ní òjé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gbà. Àwọn mìíràn ń kó ìfun ẹran kúrò nígbó.

Condor ti lé ní 500 báyìí, àwọn tó wà lágọ̀ọ́ pẹ̀lú, àmọ́ òjé ṣì ń pa wọ́n. N ò ní òfin ò dáa o. Ṣùgbọ́n ẹni tá a fẹ́ kó bá wa ṣọ́ igún, ṣé ká kọ́kọ́ pè é ní ọ̀daràn ni?