Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Iṣẹ́ Ìlú: Ìdí Tí Ìlànà Fi Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Dé Ojúlé

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ìjọba tí ó sún mọ́ ará ìlú jùlọ. Òun ni ó ń ṣe àbójútó ọjà tí a ń ná, gáréèjì tí a ti ń wọkọ̀, gọ́tà tí ó gba iwájú ilé wa kọjá àti ààtàn tí a ń da ilẹ̀ sí. Síbẹ̀, lórí iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn àwọn olùgbé ti máa ń pọ̀ jù. Ìlànà a máa wà nínú ìwé, owó a máa wà nínú ìṣúná, gọ́tà a sì tún dí. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí òfin gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ibi tí ìlànà ti ń há, àti ohun tí olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè ṣe kí iṣẹ́ náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀

Àtúntò ọdún 1976 ni ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba káàkiri Nàìjíríà, tí ó sì fún gbogbo wọn ní ètò kan náà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: abala keje sọ pé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kí ó máa ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, Àfikún Kẹrin sì to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lára iṣẹ́ náà ni àbójútó ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn àti itẹ́ òkú. Ọ̀nà àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí. Sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sí ilé. Àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Ní ti ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ètò ìlera, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó jọ ń ṣe é.

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 nínú 33 yìí sì wà ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí omi kọ́ Ìbàdàn

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni èyí, kí ó bi àwọn àgbà Ìbàdàn léèrè ohun tí ojú wọn rí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọjà, ó sì gbé ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Omíyalé ni àwọn ará ìlú ń pè é títí di òní. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn tún rọ̀. Adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, ọ̀pọ̀ afárá wó, ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún sì tún bá a lọ.

Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, kò sì sí ìjọba tí ó lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi àti ilé tí a kọ́ sí bèbè odò wà lára ohun tí ó sọ òjò di ikú. Kì í ṣe pé òfin kò sí. Láti ayé àwọn wólé-wólé ni òfin ìmọ́tótó ti wà. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tí ó yẹ kí ó máa mú òfin náà ṣẹ lójoojúmọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìjàm̀bá nìkan. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Gọ́tà kíkó nìkan kò lè dènà gbogbo omíyalé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré tí a kò ṣe lásìkò a máa di iṣẹ́ ńlá tí a ń yáwó ṣe.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Kí ni ó wá ń fà á tí ìlànà fi ń rọrùn láti sọ, tí ó sì ń nira láti ṣe? Ìdí mẹ́rin ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Ìdí kìn-ín-ní: owó

Nínú owó àpapọ̀ tí a ń pín fún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìjọba, ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ni ti àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Abala 162 Ìwé Òfin ṣètò àpò àjùmọ̀ní kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá. Láti inú owó yìí ni a ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Bí a bá san wọ́n tán, ohun tí ó máa ń kù fún ọ̀nà àti gọ́tà kì í tó nǹkan.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, àti pé ìpínlẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró. Ìdájọ́ yìí yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́. Ó di dandan kí ó hàn gbangba ẹni tí yóò máa san owó oṣù olùkọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá hàn, ọmọ ilé-ìwé àti arúgbó ni yóò jìyà rẹ̀.

Owó abẹ́lé náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ san owó ọjà tàbí owó orí ilé nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ tí a fi ṣe; ìjọba ìbílẹ̀ ní tirẹ̀ kò rí iṣẹ́ ṣe nítorí pé owó kò wọlé. Èyí tí a sì gbà láìsí rìsíìtì kì í sábà dé àpò ìjọba.

Ìdí kejì: òṣìṣẹ́ àti òǹkà

Àjọ tí ó ń rí sí ètò iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ni ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga síṣẹ́, tí ó sì ń gbé wọn káàkiri. Ìdí ètò yìí dára, nítorí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìṣèlú. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹnjiníà tàbí wólé-wólé kúrò kí iṣẹ́ tó parí, ẹni tuntun yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bákan náà, ọdún 2006 ni a ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oko àti abúlé ní Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà ti di àdúgbò ńlá. Ẹni tí ó bá fi òǹkà àtijọ́ ṣètò ilé ìwòsàn tàbí ibi ìdalẹ̀sí fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ètò rẹ̀ yóò kéré kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kẹta: ààlà iṣẹ́ tí kò hàn

Ọ̀nà oríṣi mẹ́ta ni a ní: ti ìjọba àpapọ̀, irú èyí tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó; ti ìpínlẹ̀; àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí kòtò ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ kì í mọ ti ẹni tí ó jẹ́, ìjọba kọ̀ọ̀kan sì lè tọ́ka sí èkejì.

Ìdàgbàsókè àdúgbò náà mú ìbéèrè wá. Ní ọdún 2017, ìpínlẹ̀ wa dá agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ 35 sílẹ̀ láti mú ìjọba sún mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n 33 nìkan ni Ìwé Òfin mọ̀, àwọn 33 yìí nìkan sì ni a ń pín owó àpapọ̀ fún. Nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ní ọdún 2004 pé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe ìpín tirẹ̀.

Ìdí kẹrin: ẹni tí a lè bi léèrè

Alága tí a dìbò yàn mọ̀ pé òun yóò padà wá tọrọ ìbò. Ẹni tí a kàn yàn sípò kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ìpínlẹ̀ wa lọ, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé gómìnà kò ní agbára láti tú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, a dìbò yan alága àti káńsẹ́lọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ìbò nìkan kò tó, bí a bá dìbò tán tí a kò sì béèrè mọ́.

Ohun tí olùgbé lè ṣe

Ẹ mọ wọ́ọ̀dù yín àti káńsẹ́lọ̀ tí ó ń ṣojú yín. Òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ nípa gọ́tà tí ó dí tàbí iná ojú pópó tí ó kú.

Ẹ kọ ẹ̀dùn ọkàn yín sí ìwé. Ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì fi àwòrán sí i. Ẹ mú ẹ̀dà kan tí a tẹ òǹtẹ̀ sí padà sílé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ní ẹ̀rí.

Ẹ béèrè nípa ìṣúná. Òfin ọdún 2011 lórí òmìnira láti gba ìwífún fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí, ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì.

Ẹ má san owó kankan fún ìjọba ìbílẹ̀ láìgba rìsíìtì.

Ẹ má da ilẹ̀ sínú gọ́tà tàbí odò, ẹ má sì kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Ìpín tiwa nìyí nínú iṣẹ́ náà, ìjọba kankan kò sì lè bá wa ṣe é.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ojúṣe ìjọba ni kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì ṣírò owó fún ará ìlú. Ojúṣe olùgbé ni kí ó mọ iṣẹ́ ta ni, kí ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Òjò tí ń bọ̀ kò ní béèrè ìjọba tí ó ni gọ́tà kí ó tó rọ̀. Kí ó tó dé ni ó yẹ kí àwa ti mọ̀.