Àríyànjiyàn Òǹkàwé àti Òǹwòran lórí Fíìmù The Lord of the Rings

Ìfáárà

Iṣẹ́ tí ó léwu ni kí a mú ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà, tí wọ́n sì ti fẹ́ràn, kí a sọ ọ́ di fíìmù. Olúkúlùkù òǹkàwé ni ó ti ya àwòrán tirẹ̀ sí ọkàn. Ó mọ bí olú ẹ̀dá-ìtàn ti ga tó, ó sì mọ bí ohùn rẹ̀ ti ń dún. Ní ọjọ́ tí fíìmù bá dé, àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò jọ wò, àwòrán náà kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìwé The Lord of the Rings tí J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa èdè ní Yunifásítì Oxford, kọ. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Allen and Unwin ni ó gbé e jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta láàárín 1954 sí 1955. Fíìmù mẹ́ta tí Peter Jackson, ọmọ orílẹ̀-èdè New Zealand, ṣe láti inú rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, 2002 àti 2003. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ti wo àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti ṣí ìwé náà. Ohun tí a sì máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé nítorí pé fíìmù gé nǹkan kúrò nínú ìwé ni inú ṣe ń bí àwọn òǹkàwé. Ìtàn àríyànjiyàn náà kò fi èyí hàn bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé a máa dárí ji ẹni tí ó gé ìtàn kúrú. Ẹni tí ó yí ìwà ẹ̀dá-ìtàn padà, tàbí tí ó yí ìtumọ̀ ìparí ìtàn padà, ni wọn kì í tètè dárí jì.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ ìtàn náà, Frodo jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà Hobbit, àwọn ènìyàn kúkúrú tí wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ àti oko, tí wọn kì í sì í rin ìrìn-àjò. Òrùka kan bọ́ sí i lọ́wọ́, èyí tí Sauron, olúwa ibi, fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lo Òrùka náà yóò di ẹrú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Frodo àti Sam, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbé e lọ sí Òkè Iná tí wọ́n ti rọ ọ́, kí wọ́n lè pa á run níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kò ní ṣe àjèjì sí irú àròsọ mérìíyìírí báyìí: ìrìn-àjò kan wà, ewu wà lójú ọ̀nà, ire ìlú sì wà lọ́rùn àwọn tí ń lọ. A kò sọ pé ẹnìkan wo iṣẹ́ ẹnìkejì kọ tirẹ̀ o.

Òǹkọ̀wé ni ó kọ́kọ́ fárígá

Kì í ṣe ọdún 2001 ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tọ Tolkien wá pé àwọn fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ṣe fíìmù alàwòrán. Tolkien àti Stanley Unwin, atẹ̀wé rẹ̀, ti fi ẹnu kò pé ọ̀kan nínú méjì ni àwọn yóò gbà: kí iṣẹ́ ọnà náà dára, tàbí kí owó rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá ní owó rẹpẹtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹkọ̀wé ní àṣẹ lórí ohun tí wọ́n bá ṣe. Morton Grady Zimmerman kọ àgbékalẹ̀ fíìmù náà, Tolkien sì fèsì sí i ní 1958 nínú lẹ́tà gígùn kan tí a ṣì ń kà títí di òní.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ kíyè sí nínú lẹ́tà náà ni pé bàbá yìí kò sọ pé kí wọ́n má ṣe gé ohunkóhun. Ohun tí ó sọ ni pé ó sàn kí wọ́n yọ odindi apá kan kúrò ju kí wọ́n fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí tí kò fi ní ní ìtumọ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ fi àpẹẹrẹ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ààyè kò bá gba ìtàn àwọn igi tí ń rìn tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtàn ogun odi Hornburg, ogun ni kí wọ́n yọ, nítorí pé kì í ṣe òun ni òpó ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí ó di 2002, ogun Hornburg yìí kan náà ni Jackson fi ṣe òpó fíìmù kejì.

Ètò Zimmerman kò bọ́ sí i. Ní 1969 ni ẹ̀tọ́ fíìmù náà bọ́ sí ọwọ́ United Artists. Tolkien kú ní 1973. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ralph Bakshi gbé fíìmù alàwòrán kan jáde, níbẹ̀ ni àwọn òǹwòran sì ti kọ́kọ́ pín sí méjì ní gbangba. Àwọn kan yin ọgbọ́n ìyàwòrán rẹ̀. Àwọn mìíràn jáde nínú ilé sinimá pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé ìtàn náà dúró ní agbedeméjì, àkọlé fíìmù kò sì sọ fún wọn pé apá kìíní ni wọ́n ń wò. Bakshi kò sì ṣe apá kejì títí.

Ti rédíò yàtọ̀. BBC gbé ìtàn náà sáfẹ́fẹ́ ní 1981 ní ìpín mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ bí àwọn náà tilẹ̀ gé nínú rẹ̀. (Ian Holm tí ó ṣe Frodo lórí rédíò ni ó padà wá ṣe Bilbo, ìbátan Frodo tí ó dàgbà jù ú lọ, nínú fíìmù 2001. Ọjọ́ orí kì í fi òṣèré sílẹ̀!)

Ohun tí wọ́n gé àti ohun tí wọ́n yí

Ẹni tí àwọn òǹkàwé kọ́kọ́ bèèrè ní 2001 ni Tom Bombadil, ọkùnrin alárìnrín kan tí ó ń gbé ẹ̀bá igbó, tí ó máa ń kọrin nígbà gbogbo, tí Òrùka kò sì ní agbára kankan lórí rẹ̀. Jackson yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó ní kò ti ìtàn Òrùka síwájú. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n ìkùnsínú náà kò pọ̀ ju ti ẹni tí a kò fún ní ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ti rédíò ti yọ Bombadil ṣáájú, ayé kò sì parẹ́.

Ọ̀rọ̀ Arwen le díẹ̀ sí i. Nínú ìwé, Glorfindel, ọ̀kan nínú àwọn Elf tí ọjọ́ ogbó kì í pa, ni ó wá pàdé Frodo lójú ọ̀nà nígbà tí ó gbọgbẹ́. Nínú fíìmù, Arwen, obìnrin tí ọba ọ̀la fẹ́ràn, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan rí èyí bí àfojúdi. Àwọn mìíràn sọ pé ìwé tí obìnrin kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé gbé sọnù. Nígbà tí ìròyìn wá jáde pé Arwen yóò tún jagun ní Hornburg nínú fíìmù kejì, ariwo àwọn òǹkàwé pọ̀. Wọ́n ti ya àwòrán ìran náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò kí fíìmù tó jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí òǹkàwé ní agbára tó báyìí lórí fíìmù tí kò tíì parí.

Ibi tí ìjà ti gbóná jù ni ọ̀rọ̀ Faramir. Faramir ni àbúrò Boromir, ẹni tí ó ti gbìyànjú láti fi ipá gba Òrùka lọ́wọ́ Frodo. Nínú ìwé, Faramir ti sọ pé òun kò ní mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí òun tilẹ̀ rí i nílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó sì wá mọ̀ pé Òrùka gan-an ni ó wà lọ́wọ́ Frodo, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fún un ní oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Nínú fíìmù 2002, ó kó Frodo àti Sam nígbèkùn lọ sí Osgiliath, kí ó lè fi Òrùka náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni ó tó yí ọkàn padà.

Àwọn tí ó kọ eré náà, pàápàá Philippa Boyens, sọ ìdí wọn. Bí fíìmù bá ti fi wákàtí púpọ̀ sọ fún òǹwòran pé kò sí ẹni tí Òrùka kò lè tàn jẹ, tí ẹnìkan wá kọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, ẹ̀rù Òrùka kò ní ba òǹwòran mọ́. Àròyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí a bá fi ojú eré wò ó. Ní tiwa, a rò pé ohun tí ìwé ń sọ ni ó bọ́ sọnù níbẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ọmọlúàbí ni Faramir inú ìwé. Ìwà rẹ̀ ti pinnu kí ìdánwò tó dé. Tolkien fúnra rẹ̀ sọ nínú lẹ́tà kan pé bí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà bá jọ òun rárá, Faramir ni. Ẹni tí fíìmù nìkan wò kò rí àṣìṣe kankan: ọkùnrin kan ṣe àṣìṣe, ó sì tún un ṣe. Òǹkàwé rí ènìyàn rere tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní 2003. Frodo gba irọ́ Gollum gbọ́ pé Sam ti jẹ oúnjẹ tí ó kù fún wọn, ó sì lé Sam padà sílé. Kò sí èyí nínú ìwé. Sam inú ìwé kò fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ àfi ìgbà tí ó rò pé ó ti kú.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, àwọn òǹkàwé tí ó dúnnú pọ̀ gidigidi. Alan Lee àti John Howe, tí wọ́n ti ń ya àwòrán sí ìwé Tolkien láti ọdún pípẹ́, ni Jackson pè láti ya bí ìlú, odi àti ilé inú fíìmù yóò ti rí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ rí ohun tí ojú inú wọn ti rí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2003, ní oṣù kan náà tí fíìmù kẹta jáde, àwọn ará Bìrìtìkó dìbò nínú ètò Big Read ti BBC, ìwé náà ni ó sì gba ipò kìíní. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2004, fíìmù kẹta gba ẹ̀bùn Oscar mọ́kànlá, gbogbo èyí tí wọ́n yàn án fún. Síbẹ̀, Christopher Tolkien, ọmọ òǹkọ̀wé náà tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti to àwọn ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn Le Monde ní 2012 pé ńṣe ni wọ́n tú ìfun ìwé náà jáde, tí wọ́n sì sọ ọ́ di eré ìjà fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ náà le jù lójú tiwa, nítorí pé fíìmù ni ó mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dé ìdí ìwé. Ṣùgbọ́n a rántí lẹ́tà 1958, a sì mọ ibi tí ọmọ ti jogún ìbínú náà.

Ilé tí wọ́n padà sí

Ilé làbọ̀sinmi oko. Èyí ni ìparí fíìmù 2003: àwọn Hobbit mẹ́rin padà sílé, wọ́n bá gbogbo nǹkan bí wọ́n ti fi í sílẹ̀, wọ́n jókòó nílé ọtí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Àwọn tí kò ka ìwé sọ pé ìparí náà gùn jù, pé ìgbà tí wọ́n rò pé fíìmù ti tán ni òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ka ìwé ní tiwọn sọ pé wọ́n gé ìparí náà. Fíìmù kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o.

Nínú ìwé, ilé kò ṣeé sinmi sí. Saruman, oṣó tí wọ́n ti ṣẹ́gun níbòmíràn, ti ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n ti gé àwọn igi lulẹ̀, wọ́n ti wó ilé àwọn ènìyàn, wọ́n ti ba omi odò jẹ́, àwọn jàǹdùkú sì ń gba irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà ni ó kó ará ìlú jọ, tí wọ́n fi gba ilẹ̀ wọn padà. Hobbit mọ́kàndínlógún ni ó kú nínú ogun náà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tí Tolkien kọ sí ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ ní 1966, ó sọ pé òun ti rí orí-ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ara ìpìlẹ̀ ìtàn ni. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé kì í ṣe ipò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni òun ń bá wí. Ohun tí ó rántí ni ìgbèríko tí òun ti ṣe èwe, èyí tí wọ́n ti ń bà jẹ́ kí òun tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ má sì gbàgbé pé òun náà ti jagun ní Somme ní 1916. Àwọn kan gbèjà fíìmù níhìn-ín pé jagunjagun tí ó padà sílé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí, òun náà ní ìrora tirẹ̀. Òtítọ́ ni, ìrora mìíràn sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sílé. Wálé Ògúnyẹmí ti mú ìrìn-àjò inú Ògbójú Ọdẹ dé orí ìtàgé nínú eré Lángbòdó, tí wọ́n ṣe ní FESTAC 1977. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ìwé Fágúnwà yìí ṣe fíìmù, ó lè yọ ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn iwin tí Àkàrà-Ògùn bá pàdé, kí a sì kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ ọjọ́ méje tí àwọn ọdẹ fi jókòó ti Ìrágbèje lórí Òkè Lángbòdó láti gba ẹ̀kọ́, tí ó wá fi ìjà ńlá kan dí ààyè rẹ̀, kí ni a ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bèèrè pé kí ni wọ́n wá lọ síbẹ̀ ṣe?

Ó ku ọ̀rọ̀ Saruman. Wọ́n ti ya ìran ikú rẹ̀ fún fíìmù, ṣùgbọ́n Jackson yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ó dé ilé sinimá ní 2003. Inú Christopher Lee tí ó ṣe Saruman kò dùn sí i. Àgbà òṣèré yìí máa ń ka ìwé náà lọ́dọọdún, ó sì ti pàdé Tolkien fúnra rẹ̀ rí. Àwọn òǹkàwé bá a kẹ́dùn, wọ́n ń bèèrè ìran náà. Nígbà tí ẹ̀dà gígùn fíìmù kẹta jáde lórí DVD ní 2004, ìran náà wà níbẹ̀: Gríma, ìránṣẹ́ Saruman, gún un lọ́bẹ lórí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ní Isengard. Nínú ìwé, ẹnu ọ̀nà ilé Frodo ni Gríma ti pa á.