Èsúrú àti Gúdúgúdú: Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ọ̀dá



Nígbà ọ̀dá 1972 sí 1974, oúnjẹ wọ́n nílẹ̀ Háúsá. Ọmọdé ni mí. Àwọn ìyá Háúsá àdúgbò wa ló fi ewé tafásá han ìyá mi, a sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo wa iṣu nínú igbó, mo ní èsúrú ni. Ìyá mi gbà á sọnù: gúdúgúdú ni! Ewé àwọn méjèèjì jọra, mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n oró gúdúgúdú lè pani. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sè a máa rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bi àwọn àgbà nísinsìnyí. Ohun tí a kò mọ̀, a kì í tọ́ ọ wò.