Oúnjẹ Tí Àwọn Ìgbèkùn Gbé Padà Wálé

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀rọ̀ gàrí ni. Bóyá ni a fi lè rí ilé Yorùbá kan ní Kàdúná, ní Kánò tàbí ní Jọs tí a kò ní bá gàrí nínú ike tàbí nínú àpò. Nítorí pé a ń rí i lójoojúmọ́ ni a kì í fi í béèrè ibi tí ó ti wá. Bí a bá sì béèrè, ìdáhùn náà yóò kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ń gbé ní àjò.

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ohun tí àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ láti ìwáṣẹ̀ ni à ń wí. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́, iṣu, ẹ̀wà, ọkà bàbà, ilá àti epo pupa jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Ṣùgbọ́n àgbàdo, ata rodo, tòmátò, ànàmọ́, ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun wọn, ó sì di ẹ̀yìn ìrìn-àjò Columbus ní 1492 kí wọn tó dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rò ó wò: ọbẹ̀ ata, àádùn àti ẹ̀bà, tí a fi ń yangàn pé tiwa ni, kò sí èyí tí àlejò kò sí nínú rẹ̀. Kí ni ó wá sọ wọ́n di tiwa? Ìtàn ẹ̀gẹ́ ni yóò dá wa lóhùn.

Àwọn oníṣòwò Pọtogí ni wọ́n kó ẹ̀gẹ́ láti Brazil wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ènìyàn yóò rò pé kíá ni yóò tàn káàkiri, nítorí ohun ọ̀gbìn tí ó rọrùn ni. Igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn, a kì í ra irúgbìn. Ó lè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, ọ̀dá kì í tètè pa á, bí ó bá sì gbó tán, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ ẹ. Síbẹ̀síbẹ̀, ó lé ní igba ọdún kí ó tó di oúnjẹ pàtàkì ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ìdí kan tí ó ṣe kókó ni pé ẹ̀gẹ́ ní oró nínú. Sáyánáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pe oró náà, ó sì pọ̀ nínú irú èyí tí ó korò. Ẹni tí ó bá bu iṣu sè kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìṣe ètò rẹ̀ bí ó ti yẹ lè kú. Ọ̀gbìn náà ti gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a fi ń jẹ ẹ́ kò bá a dé.

Ọwọ́ àwọn tí a kó lẹ́rú ni ọgbọ́n náà gbà dé. Àwọn onílẹ̀ Brazil, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ti mọ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, bí a ti ń fún omi rẹ̀ dànù, àti bí a ti ń yan án lórí iná. Farinha ni àwọn Pọtogí ń pè é, òun sì ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹrú. Nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Òwu àti Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa ni a tà sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ó wà lára wọn dìtẹ̀ ní ìlú Salvador. Lẹ́yìn èyí, ìjọba fòòró àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n padà sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà. Ní ìwọ̀n àkókò kan náà ni àwọn Sàró ń ti Freetown bọ̀ sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Àwọn onítàn gbà pé ọ̀rúndún yìí, lọ́wọ́ àwọn tí ó padà wálé wọ̀nyí, ni ṣíṣe gàrí gbilẹ̀ láàárín wa.

Àgùdà ni a ń pe àwọn tí ó ti Brazil bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ yẹn, nítorí òun ni Yorùbá fi ń pe Ìjọ wa títí di òní. Kí àlùfáà tó dé bá wọn ní Èkó, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlùfáà rárá, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Fadá Francesco Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863. Ní 1868 ni àlùfáà fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Àwọn kan náà tí wọ́n gbé àdúrà bọ̀ ni wọ́n gbé oúnjẹ bọ̀. Ní Èkó títí di òní, àwọn ìdílé Àgùdà ń se fùrèjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, ìyẹn ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè. Orúkọ tí àwọn Pọtogí ń pe ẹ̀wà ni ó di fùrèjọ̀n ní ẹnu wa. Ní 1876 pẹ̀lú, àwọn fadá dá oko sílẹ̀ ní Topo lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí àwọn ìdílé onígbàgbọ́ ti ń gbin àgbọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ gàrí fínnífínní, nítorí inú iṣẹ́ náà ni ọgbọ́n wà. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rin ín lórí páànù tí a dá ihò sí, tàbí nínú ẹ̀rọ. Rírin yìí ni ó ń mú kí oró inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. A ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, kí omi rẹ̀ sì ṣàn lọ pẹ̀lú oró. Bí ó bá ti pẹ́ tó ni yóò ṣe kan tó, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ní adùn tirẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni a ó kù ú, tí a ó sì yan án nínú agbada, kí ooru iná lé ìyókù oró náà lọ. Kò sí èyí tí a lè fò nínú gbogbo rẹ̀. Èpo tí a bó, bí a bá sá a gbẹ, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Igi tí a gé, oko ni ó ń padà sí. Àwọn ìyá wa ni wọ́n di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, láìsí ìwé tí wọ́n kà.

Oúnjẹ gbígbẹ tí kò wúwo, tí kì í tètè bàjẹ́, tí omi tútù lásán tó fún, àwọn arìnrìn-àjò ni a ṣe é fún. Ojú irin kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó fi di 1912, ọkọ̀ ti ń ná Kánò. Gàrí bá àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn oníṣòwò obì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ó di oúnjẹ ẹni tí ó jìnnà sílé, bí ó ti rí fún àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Bahia.

Agbára tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe é hàn kedere nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Láti 1941, ìjọba òyìnbó fi Captain Pullen ṣe alábòójútó oúnjẹ ní Èkó, ó sì fi òté lé iye tí a gbọ́dọ̀ ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Iye náà kò gbé owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi rà á. Lábẹ́ Alimotu Pelewura, ìyálọ́jà Èkó, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Gàrí sá kúrò ní ọjà ìjọba, a sì ń rà á ní ìkọ̀kọ̀ ní iye tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun parí ní 1945, òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé búrẹ́dì. Amos Shackleford, ará Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ojú irin. Lẹ́yìn náà ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó títí tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Èmi kò bá búrẹ́dì jà, mo ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àlìkámà fẹ́ òtútù. Ní Nàìjíríà, ìhà àríwá ni ó ti ń ṣe dáadáa, ní àkókò ọyẹ́, lórí ilẹ̀ tí a ń fà omi sí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, a ń rà á láti òkè òkun láìwẹ̀yìn, tí ó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ohun tí a ń kó wọlé lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Owó epo wá lọ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, ìjọba fi òfin de àlìkámà. Ó sì di 1992 kí wọn tó tú òfin náà. Ẹ̀yin àgbà rántí àkókò náà: búrẹ́dì kéré, ó wọ́n, àwọn onífàyàwọ́ ń là. Ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó àlìkámà tún fò sókè ní gbogbo ayé, a sì san án nínú búrẹ́dì àti nínú Indomie àwọn ọmọ wa, lórí ìjà tí a kò mọ̀dí rẹ̀.

Àìsàn dé bá ẹ̀gẹ́ náà rí. Kòkòrò kan tí ó funfun bí ìyẹ̀fun, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò ní nǹkan bí 1973, ó sì dé Nàìjíríà kí àwọn ọdún náà tó parí. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, kò sáré sí oògùn apakòkòrò. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí ń pa kòkòrò náà ní ilé rẹ̀. Ní 1981 ni a rí i ní Paraguay: agbọ́n tíńtín kan tí ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò náà. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún yẹn kan náà, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, láìjẹ́ pé àgbẹ̀ kan san kọ́bọ̀. Hans Herren, ará Switzerland tí ó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Lónìí, Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní àgbáyé.

Èmi kò sọ pé gàrí kò ní àléébù. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ń mú ara ọmọdé dàgbà, nítorí náà ẹ fi ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹ̀pà tì í lẹ́yìn. Àwọn kan nínú ìkánjú owó kì í jẹ́ kí ó kan tó kí wọn tó yan án, ewu ni. Bí a bá sì ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, ilẹ̀ yóò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n a máa fi ẹ̀wà pààrọ̀. Gàrí pàápàá a máa gbówó lórí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò dára, oko tí kò ní ààbò àti owó ọkọ̀, àìsàn ilé wa ni wọ́n. Ọwọ́ wa lè tó wọn.

Ohun tí mo rí dìmú nínú ìtàn yìí nìyí: oúnjẹ kan kì í di tiwa nítorí pé ó ti pẹ́, bí kò ṣe nítorí pé a mọ bí a ti ń gbìn ín, bí a ti ń ṣe é, àti bí a ti ń wò ó sàn. Àwọn tí a tà sí ìgbèkùn kò jókòó sunkún iyán nìkan. Wọ́n kọ́ oúnjẹ ilẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn, nígbà tí wọ́n sì padà, ìmọ̀ náà bọ́ ilé. Wòlíì Jeremáyà náà gba àwọn ìgbèkùn Bábílónì ní irú ìmọ̀ràn yìí, pé kí wọn má ṣe dẹ́kun oko dídá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Òkè Ọya, jéró àti ọkà bàbà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà yín. Acha ń bẹ lórí òkè Jọs. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní Benue àti Kogí. Ẹ bi àwọn aládùúgbò yín bí wọ́n ti ń se wọ́n, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá ní àyè kékeré lẹ́yìn ilé, ẹ gbin ewédú àti ata sí i. Mo sì bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ ra ẹ̀gẹ́ tútù, kí ẹ kó àwọn ọmọ jọ, kí wọn fi ọwọ́ ara wọn bó o, kí wọn rin ín, kí wọn sì padà wá yan án lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tí ó mọ ẹ̀bà jẹ, tí kò mọ bí gàrí ti ń dé inú ike, ó dà bí àwọn ará etíkun ìjọ́sí, tí ẹ̀gẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ń mú irúgbìn hù bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín ní àjò, kí ó sì mú yín délé pẹ̀lú ohun rere lọ́wọ́. Àmín.