Jíìnì Tó Ń Ké Sí Ẹ̀dọ̀fóró

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń húkọ́ lemọ́lemọ́ ládùúgbò wa ní Òtò, otútù àyà la kọ́kọ́ máa ń pè é. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló mu omi tútù jù nígbà oyún, tàbí pé ó fi ọmọ sábẹ́ fáànù. Tó bá tún ṣe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kẹta, ojú tí wọ́n fi ń wo ìyá á yí padà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, ìdí nìyí tí a fi ń kọ eléyìí.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe otútù àyà lásán. Ibì kan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà ni kò dà bó ṣe yẹ látinú oyún. Ó ṣe àpò-àpò, àìsàn sì ń padà síbi kan náà. Ch'in àti Tang kọ nípa rẹ̀ ní 1949. Stocker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí oríṣi mẹ́ta ní 1977. Ó ti lórúkọ, àmọ́ ohun tó ń fà á ṣókùnkùn.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé yani lẹ́nu: ara irú eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù lọ́jà Oyíngbò. Eṣinṣin kò ní ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pá tín-ín-rín tó ya káàkiri ara rẹ̀ ló fi ń mí. Ní 1996, Mark Krasnow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford kéde jíìnì kan tó jẹ́ pé bí kò bá sí, ọ̀pá náà kò ní yà. Wọ́n sọ ọ́ ní branchless, aláìlẹ́ka. Àwa náà ní ìbátan rẹ̀ lára, FGF10. Ní 1998, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára èkúté. Àwọn ọmọ èkúté náà kò ní ẹ̀dọ̀fóró, wọn ò lápá, wọn ò lẹ́sẹ̀.

Ìwé jíìnì kan náà ló wà lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ojú ewé tí kálukú ṣí ló yàtọ̀. Nínú oyún, ẹran ara tó yí ẹ̀dọ̀fóró tuntun ká á ṣí ojú ewé FGF10, á máa ké sí ọ̀pá mímí pé kó nà síbí, kó yà sọ́hùn-ún. Á ké, á sì dákẹ́. Ní 2008, àwọn olùwádìí mú kó ké jù níbì kan nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ eku tó ṣì wà nínú oyún. Àpò-àpò ló yọ síbẹ̀, bíi ti ọmọ ènìyàn. Jíìnì kan náà o! Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n látara iyọ̀.

FGF10 nìkan kọ́, àwọn jíìnì mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ omi tútù àti fáànù kò sí níbẹ̀.

Síkáànù oyún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ ogún lè fi àpò náà hàn. Òmíràn á súnkì kí wọ́n tó bí ọmọ, òmíràn á gba iṣẹ́ abẹ. Láti Òtò dé LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Bí otútù àyà bá ń padà síbi kan náà, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n tún ya fọ́tò àyà ọmọ náà wò.