Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí Mọ̀ Kí Ó Tó Wá Oyè Ọ̀mọ̀wé Lọ Sí Òkè Òkun

Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Òkè-Ìmẹ̀sí títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Àrámọkọ àti Ìjerò, ọmọ tí ó kàwé kì í ṣe ti ẹni tí ó bí i nìkan, ti gbogbo ẹbí ni. Owó kòkó àti owó oko ni ọ̀pọ̀ òbí fi tọ́ ọmọ dé yunifásítì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó ń gbèrò láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun mọ ọ̀nà náà dájú kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí àpò ẹbí ni àṣìṣe ti ń jẹun.

Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun fún ọmọ Èkìtì. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì London ní ọdún 1958. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, gba oyè kejì ní Leeds ní 1974, ó sì gba ti ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York, ìlú Toronto, ilẹ̀ Kánádà, ní 1979. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Bánjí Akíntóyè, ọmọ Adó, ti gba tirẹ̀ ní 1966, lórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ìmọ̀ wà. Ẹni tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ irú oyè tí a fẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé a máa lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ìwádìí kan ṣoṣo, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì gbèjà rẹ̀ lẹ́nu níwájú àwọn olùdánwò. Ní Amẹ́ríkà, ó ní láti kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ó sì yege ìdánwò, ó sì máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí kan ilé pẹ̀lú. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹni tí ó wá ṣe oyè kejì ti inú kíláàsì láyè láti mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Ẹni tí ó wá ṣe oyè ìwádìí ṣì ní àǹfààní náà.

Lẹ́yìn èyí ni àbá ìwádìí, tí í ṣe ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá kọ̀wé pé ìtàn ogun Kírìjì ni òun fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí kò tí ì sọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí kojú ìjọba Ìbàdàn ní 1878, pé àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, àti pé àwọn ọmọ ogun tú ká ní 1893. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni ìbéèrè tí a kò tí ì dáhùn: báwo ni àwọn obìnrin Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe bọ́ ibùdó ogun fún ọdún wọ̀nyí? Ìwé wo, ẹnu ta ni ìdáhùn yóò ti wá? Kí ni yóò fi ju ohun tí àwọn ti ìṣáájú ti kọ lọ?

Kí àbá náà tó lọ, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ lẹ́tà ṣókí sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn kì í rí èsì. Kí ó tètè bèèrè ìwé àkójọ máàkì láti yunifásítì tí ó ti jáde, nítorí èyí lè pẹ́. Àwọn yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń gba kírẹ́díìtì èdè Gẹ̀ẹ́sì inú WAEC dípò ìdánwò IELTS. Kí ó bèèrè kí ó tó sanwó ìdánwò.

Ní ti owó, àjòjì ń san ju onílùú lọ. Sìkọ́láṣíìpù Commonwealth, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, máa ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Chevening kò ṣe é, oyè kejì ọlọ́dún kan ni tirẹ̀. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti ti ilé wà níbẹ̀.

Nígbà tí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fi ìwé CAS ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ físà tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ikọ́ ife pọn dandan fún ọmọ Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí nìkan. Àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kan ń fẹ́ ìwé àṣẹ ATAS pẹ̀lú. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi hàn gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko, ní orúkọ rẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: lọ́dọ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni bàbá ẹni ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ físà kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ẹgbẹ́ ìlú bá dáwó, kí wọ́n gbé e sí àkáǹtì ọmọ náà kí kíka ọjọ́ 28 náà tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sí aṣojú kan tí ó lè ta àyè ìwádìí tàbí físà fún ènìyàn. Ìwé báńkì ayédèrú lè ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ẹni fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ àbá rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ sìkọ́láṣíìpù máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ wọn kí oṣù kìn-ín-ní tó parí.