Orúkọ Tó Di Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọmọ ilé-kéú kan bi wá léèrè ní Iyere pé: "Àáfà, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa fi orúkọ òrìṣà pe àrùn?" Ṣọ̀pọ̀ná ló ń sọ. A ní kó jókòó, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò mọ ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lóòótọ́, orúkọ òrìṣà ni. Àwọn baba ńlá wa gbà pé òun ló ń fi ìgbóná jà, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà wọ́n débi pé wọn kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an. Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣẹ́gun àrùn náà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé. Àrùn lọ, orúkọ kù. Ẹni tó ń pè é lónìí kò bọ nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni ni Ọlọ́hun ń wò.

Orúkọ ènìyàn náà máa ń di ọ̀rọ̀. Ẹ bi àwọn òbí yín ohun tí wọ́n ń pè ní múrí. Ogún náírà ni. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe olórí ìjọba láti oṣù keje 1975 títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1976. Ní ọdún 1977, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí owó ogún náírà tuntun, kò sì sí bébà owó tó tóbi jù ú lọ nígbà náà. Ará ọjà gé orúkọ náà kúrú, múrí márùn-ún sì di ọgọ́rùn-ún náírà. Lónìí, múrí kan kò lè ra búrẹ́dì.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ńkọ́? Buba Marwa, alákòóso ológun ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ kò mọ̀ pé ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti al-Khwarizmi, Mùsùlùmí onímọ̀ ìṣirò tó gbé ní Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè Látìn, Algoritmi ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni algorithm ti wá, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ọwọ́ yín ń tẹ̀ lé. Ọ̀dọ́ tó bá rò pé kéú àti ìṣirò kò bára tan, kó rántí rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ wa, a kò ní kí o má pe ṣọ̀pọ̀ná mọ́. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí o mọ ẹni tó ni orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí wọ́n fi rere rántí tiwa náà. Àmín.